Kí Ẹ Tó Gbé Igbá Owó Òkú: Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Ẹ̀yin Aṣáájú Ẹgbẹ́ Yorùbá ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jẹ́ ààrẹ, akọ̀wé àti akápò àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹ̀yin pásítọ̀ àti lèmọ́mù wa, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún sójà àtijọ́ tó nílò olùtọ́jú, ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù October. Ọjọ́ yẹn la sin ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ wa ní Maryland níbí. Ní itẹ́ òkú láàárọ̀, sójà méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ dúró ti pósí. Wọ́n ká àsíá Amẹ́ríkà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí ó fi di onígun mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ síwájú Màmá opó, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹnìkan lẹ́yìn mi rọra bi ọmọnìkejì rẹ̀ pé: "Àṣé sójà ni bàbá yìí?"

Ọdún mẹ́jọ ni bàbá náà fi jẹ́ sójà Amẹ́ríkà. Ó wọlé ní 1984, ó jáde ní 1992, ogun Gulf bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn ti bá a ṣe ẹgbẹ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn àsè, tí gbogbo wa ti wọ aṣọ ẹbí, akápò kéde pé owó tí a dá fún ìdílé olóògbé ti di $11,400. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo sì dá $100 tèmi. Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára àsíá tó wà lórí itan Màmá, mo sì ń ṣírò nínú ọkàn mi. Ọdún méjì gbáko ni bàbá fi wà lórí ibùsùn pẹ̀lú àrùn rọpárọsẹ̀ kó tó kú. Màmá fi iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀ láti máa yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, láti máa fún un lóúnjẹ, láti máa pààrọ̀ páńpẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Owó ilé ń wọ gbèsè. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, owó ìjọba kan wà tó tọ́ sí i, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ fún un pé kó lọ béèrè. Mo mọ̀ nípa owó yẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bàbá ṣe sójà rí. Ẹ̀yin mọ̀, ó kéré tán ẹ̀yin tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ nípa owó náà. Bí a ṣe pàdánù rẹ̀ láàárín ara wa nìyẹn.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kíà. Kò yẹ kí n máa ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún yín, torí pé bóyá ìyàwó yín, àbúrò yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣe é. Láti Houston dé Bronx, ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé ọwọ́ obìnrin Yorùbá ló ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn wọn láàárọ̀. Lára wọn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bàbá kan wà tí mo tọ́jú nítòsí Baltimore, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tó jà ní Vietnam. Ìtọ̀ ṣúgà ti mú ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ló ń fi owó ránṣẹ́ sí i kó lè san tèmi, wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Nígbà tó yá, ó pè mí, ó ní òun máa dín in kù sí wákàtí méjì. Mo gbọ́ ìtìjú nínú ohùn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo ti bàbá lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí kíníìkì, ọkùnrin kan tó dé fìlà Vietnam jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n ti sìn. Kò pẹ́ tó fi kọjú sí mi: "Ta ló ń san owó arábìnrin yìí?" Bàbá ní ọmọ òun ni. Ọkùnrin náà mi orí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa bá àwọn sójà àtijọ́ kọ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ sí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ó ní ká lọ wá ìwé DD-214 bàbá, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń dá sójà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

A wá ìwé yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti rí i, nínú agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí gbogbo ìyá Yorùbá ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, ìpẹtà agolo ti tẹ àmì sí etí rẹ̀. Bàbá ní kí n kà á sókè sí òun létí. Mo kà á látòkè délẹ̀, títí kan nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀.

A kọ ìwé ìbéèrè. Nǹkan bí oṣù méje lẹ́yìn náà ni lẹ́tà VA dé pé wọ́n ti gbà. Wákàtí mi kò dín kù mọ́, ó tún lé sí i.

Owó tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ni VA ń pè ní Aid and Attendance. Èmi a máa pè é ní owó olùtọ́jú. Àfikún ni lórí owó ìfẹ̀yìntì tí VA ń fún sójà àtijọ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, tó sì ti pé ọdún 65 tàbí tó ní àìlera tí kò ní lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lè wẹ̀, kó wọṣọ, kó jẹun, kó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìsí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ ti fọ́, owó olùtọ́jú kàn án. Láti December 2024 títí dé November 2025, ibi tó ga jù tí owó náà lè dé fún sójà tí kò ní ìyàwó jẹ́ $28,300 lọ́dún. Fún ẹni tó ní ìyàwó, $33,548. Opó sójà tí òun fúnra rẹ̀ ti nílò olùtọ́jú lè gbà tó $18,187. Wọ́n máa ń fi díẹ̀ kún un ní oṣù December kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín ti sójà tó ní ìyàwó sí oṣù 12, ó lé ní $2,700 lóṣù. Ẹ wá fi oṣù 24 tí bàbá wa fi wà lórí ibùsùn ṣírò rẹ̀, kódà kí ẹ gbà pé ìdajì rẹ̀ ni wọ́n máa fún un. Ẹ fi wé $11,400 tí a pàtẹ́wọ́ sí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: "Ó ní ohun tó ń wọlé fún un láti Social Security, owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, wọn ò ní dá a lóhùn." Ibí yìí gan-an ló ti ń rú àwọn ènìyàn lójú, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. VA máa ń yọ owó tó ń wọlé fún sójà kúrò nínú $28,300 yẹn, ìyókù ni wọ́n ń san. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó tó ń ná lórí ìtọ́jú ara rẹ̀ kúrò nínú owó tó ń wọlé náà. Bàbá tèmi ń gba $1,600 lóṣù, ìyẹn $19,200 lọ́dún. Bí ó bá ń san $20 ní wákàtí fún olùtọ́jú, wákàtí 25 lọ́sẹ̀, $26,000 nìyẹn lọ́dún. Ní ìwọ̀n ti ọdún yẹn, VA á ní kó gbé nǹkan bí $848 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyókù ni wọ́n á kà. Ìyókù yẹn ju owó tó ń wọlé fún un lọ. Lójú VA, bàbá kò ní owó kankan tó ń wọlé, gbogbo $28,300 ló sì tọ́ sí i. Ohun kan náà tó mú kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ dín wákàtí mi kù, ìyẹn owó ìtọ́jú tó ń gun wọ́n lórí, òun ló ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń na owó sí olùtọ́jú lọ́wọ́ láìsí ìwé, bí àwa ṣe máa ń ṣe, VA kò ní rí i. Owó náà gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ sójà jáde, kí rìsíìtì wà, kí àdéhùn wà tó sọ iye wákàtí àti iye owó. Bí ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú bàbá bá ni olùtọ́jú, bàbá lè san owó fún un, VA á kà á. Ọmọ náà á wá san owó orí lórí rẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́.

Ohun kejì tí ẹ máa sọ ni pé bàbá kò lọ ojú ogun, kò sì farapa. Kò ṣe nǹkan kan. VA kò béèrè bóyá ó yìnbọn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ pé ó sìn fún ọjọ́ 90 ó kéré tán, pé ọjọ́ kan nínú rẹ̀ bọ́ sí àsìkò tí òfin pè ní àsìkò ogun, àti pé wọn ò fi ẹ̀gàn lé e jáde. Ẹni tó bá wọṣẹ́ lẹ́yìn September 7, 1980, oṣù 24 ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí gbogbo àsìkò tí wọ́n pè é fún. Ibi tó kan àwa gan-an rèé: àsìkò ogun Gulf bẹ̀rẹ̀ ní August 2, 1990, ìjọba kò tíì tì í títí di òní olónìí. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti wọ aṣọ sójà Amẹ́ríkà láti ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ìdí ìkòkò oúnjẹ ló wà ní Fort kan ní Texas, àsìkò ogun ló fi sìn.

Wọn ò sì kéré o. Ní 2009, nígbà tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tí wọ́n fi ń gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Àwọn ọmọ tó bá ètò yẹn wọlé ṣì wà ní ọ̀dọ́, wọn ò tíì nílò ẹni tó máa wẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé DD-214 wọn ti wà nínú àpótí kan níbì kan, wọn ò sì mọ̀ bóyá wọ́n máa nílò rẹ̀ ní 2050. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà àgbàlagbà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó le: ní July 12, 1973, iná jó ilé tí wọ́n ń kó ìwé sójà pamọ́ sí ní St. Louis, ìwé bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 ló bá a lọ, àwọn tó sìn kí 1960 tó dé ni ó sì jù nínú wọn. Mo ti tọ́jú bàbá kan tó jà ní Korea tí ìwé rẹ̀ wà lára èyí tó jóná. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi wá ẹ̀rí mìíràn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí jù. Àwọn ará ilé wa kan gbìyànjú, wọ́n kọ ìwé, VA dá a padà. Nígbà tí mo wádìí, ẹnu bàbá fúnra rẹ̀ ló pa á.

Àlùhájì kan wà tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Navy. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 21-2680, dọ́kítà ló ń kọ ọ́. Ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀ ni bóyá ẹni náà lè wẹ̀, bóyá ó lè jẹun fúnra rẹ̀, bóyá ó lè jáde nílé. Mo gbé Àlùhájì lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà. Láàárọ̀ yẹn mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti wọ ṣòkòtò fún un nígbà tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti de bàtà rẹ̀, mo ti wọ agbádá fún un. Dọ́kítà béèrè pé, báwo ni ara? Àlùhájì jókòó ṣánṣán, ó rẹ́rìn-ín: "I am fine, doctor. We thank God." Ṣé ẹ lè wẹ̀ fúnra yín? "Alhamdulillah." Ṣé ẹ lè wọṣọ? Ó fọwọ́ kan agbádá tó wọ̀, bí ẹni pé agbádá náà ni ẹ̀rí. Dọ́kítà ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ohun tó kọ ni pé ọkùnrin yìí lè ṣe ohun gbogbo fúnra rẹ̀.

Ta ló fẹ́ bá Àlùhájì wí? Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Àgbàlagbà kì í jókòó síwájú ọmọdé kó máa ka àìlera rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá jù lọ níwájú obìnrin tó ń wẹ̀ ẹ́. "A dúpẹ́" ni ìdáhùn wa sí ohun gbogbo, sí ọmọ tó kú, sí iṣẹ́ tó bọ́. Ṣùgbọ́n dọ́kítà ará Amẹ́ríkà kò mọ̀ pé "a dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹni tó bá sì sọ pé ara òun le, VA á gbà á gbọ́.

Nígbà tí a padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ohun gbogbo sínú ìwé kékeré. Aago mẹ́fà ààbọ̀: mo gbé e dìde. Aago méje: mo wẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nínú bàfù. Mo kọ ìgbà mẹ́ta tí ó gbàgbé pé òun ti lo oògùn. Kí a tó wọlé sọ́dọ̀ dọ́kítà, mo kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àlùhájì, ta ló wọ ṣòkòtò fún yín láàárọ̀ yìí?" Ó wo ojú fèrèsé. Ó pẹ́ kó tó sọ pé, "Ìwọ ni." Mo ní ìyẹn ni kí ẹ sọ fún dọ́kítà. Nígbà tí dọ́kítà béèrè, ojú ilẹ̀ ló ń wò, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Bí ẹgbẹ́ kan bá lè rán ẹnìkan tó gbọ́ èdè méjèèjì tẹ̀ lé irú bàbá bẹ́ẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, tí bàbá kò ní tijú níwájú rẹ̀, ẹ ti ṣe ju aṣọ ẹbí lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé tí a kọ́ sílé ńkọ́? Ẹ má bínú pé mo fẹnu kàn án. VA ní ààlà lórí ohun ìní: láti December 2024 dé November 2025, $159,240 ni, wọ́n sì máa ń ka owó tó ń wọlé lọ́dún mọ́ ọn. Wọn kì í ka ilé tí ẹ ń gbé àti ọkọ̀ tí ẹ ń wà. Ṣùgbọ́n ilé kejì, ibi yòówù kó wà, wọ́n ń kà á, àti ilé òkè kan tó wà ní Ìbàdàn àti ilẹ̀ tí ẹ rà sí Mowe. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn kan ti ń gba àwọn bàbá wa nímọ̀ràn pé kí wọ́n yára fi orúkọ ọmọ sórí ìwé ilé náà kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù. Láti October 18, 2018, VA ń wo ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ fi ohun ìní tó lé ní ààlà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn owó náà mọ́ yín fún tó ọdún márùn-ún. Ti ilé ìdílé, tí kò sẹ́ni tó mọ ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà tí VA fọwọ́ sí.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìyẹn. Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa àwọn tó ń gba owó. Wọ́n ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, wọ́n ń pín káàdì, wọ́n ní àwọn máa bá yín gba owó VA, kí ẹ san oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ fún àwọn. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba owó lórí ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́. Àwọn tí VA fọwọ́ sí nínú ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́, bíi American Legion, DAV àti VFW, àti ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Pásítọ̀ tó bá gbé ẹlẹ́tàn bẹ́ẹ̀ gun orí pẹpẹ, ẹ jọ̀ọ́, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá VA mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Yàtọ̀ sí owó yìí, VA tún ní olùtọ́jú tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó fún. Sójà tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera lọ́dọ̀ wọn, tí dọ́kítà wọn rí i pé ó nílò rẹ̀, wọ́n lè rán olùtọ́jú láti ejẹ́ńsì sí ilé rẹ̀. Ẹ̀ka kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Veteran-Directed Care, tí sójà máa ń gba ìsúná lọ́wọ́, tí òun fúnra rẹ̀ á yan ẹni tó máa tọ́jú òun, ará ilé rẹ̀ pàápàá. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù VA ló ní i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2, 2025, tó ń jẹ́ orúkọ Elizabeth Dole, ní kí wọ́n mú un dé gbogbo wọn. Òfin kan náà gbé ààlà owó tí VA lè ná lórí ìtọ́jú ẹnìkan nínú ilé sókè, láti ìpín 65 nínú 100 owó ilé ìtọ́jú arúgbó sí gbogbo rẹ̀. Fún ẹni tí àìlera rẹ̀ ti inú iṣẹ́ ológun wá, tí VA sì ka àìlera náà sí 70 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètò mìíràn wà tó ń san owó oṣooṣù fún ìyàwó tàbí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀. Láti October 1, 2022, àsìkò yòówù kí sójà ti sìn, wọn ò yọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ nínú ètò yẹn. Màmá wa tó fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló yẹ kí wọ́n máa san owó fún. A ò mọ̀ báyìí, torí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè nígbà tí bàbá wà láàyè.

A máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ òkété tiwa níbí ń ṣe iṣẹ́ méjì, ó ń san owó ilé, ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ó tún ń tọ́jú arúgbó méjì. Gbígba ohun tí bàbá fi ọdún mẹ́jọ ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún kì í ṣe agbe. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀kan nínú yín pè é ní "wẹ́fíà", ìyẹn owó àánú ìjọba. Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba Nàìjíríà, ṣé agbe ni a ń pè é? Ó kàn jẹ́ pé tibí ń tètè wọlé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Nínú fọ́ọ̀mù ọmọ ẹgbẹ́, níbi tí ẹ ti ń béèrè ìlú àti ìdílé, ẹ fi ìlà kan kún un: ṣé ìwọ tàbí ọkọ rẹ tàbí ìyàwó rẹ ti ṣe sójà Amẹ́ríkà rí? Ẹ rán ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan wọ̀nyí ní ọ́fíìsì VSO tó wà nítòsí yín, ìyẹn àwọn tó ń bá sójà kọ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín fọ́ọ̀mù 21P-527EZ ti sójà àti 21P-534EZ ti opó. Bí àìsàn bá ti dá ẹnikẹ́ni wólẹ̀, kí ẹ tó gbé àdúrà, kí ẹni yẹn ti fi fọ́ọ̀mù 21-0966 ránṣẹ́, èyí tó ń sọ fún VA pé ìbéèrè ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i ni ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, bí ẹ bá kó ìyókù wá láàárín ọdún kan. Àdúrà dára, mo ń gbà á pẹ̀lú yín. Fọ́ọ̀mù yẹn kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ti orogún àti ti ìyàwó tí a fi àṣà ìbílẹ̀ fẹ́ láìsí ìwé kọ́ọ̀tù, mi ò ní bọ́ sínú rẹ̀ níbí. VA a máa gba ìgbéyàwó tí òfin ibi tí ọkọ àti ìyàwó ń gbé nígbà tí wọ́n ṣe é, tàbí nígbà tí owó náà tọ́ sí wọn, bá fọwọ́ sí. Ẹ wá ẹ̀rí, ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ wá fọ́tò ọjọ́ ìdána.

Ẹ̀yin akápò, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó parí. Sàárè tí a sanwó rẹ̀ fún bàbá ní October, a ò bá má san án. Itẹ́ òkú ìjọba fún sójà ń fún un ní ilẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n ń gbé òkúta orúkọ sí i, lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá kò mọ̀. Àwa náà ò mọ̀. A dá owó.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, mo gbé agolo bisikíìtì búlúù kan lọ, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo owó oṣù, mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní DD-214 nílé fi ẹ̀dà rẹ̀ sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá opó ló kọ́kọ́ dìde, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀ bọ̀, ó mú ti bàbá jáde nínú báàgì, ó fi sí i. Òun náà ti ń wá ẹni tó máa bá òun gbé igbá omi wọ bàfù báyìí. Kí ìpàdé tó tú, ìwé mẹ́rin ló wà nínú agolo náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti bàbá kan tí mo ti ń dọ̀bálẹ̀... ẹ má bínú, tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí láti ọdún mẹ́wàá. Ó wọ bàtà sójà fún ọdún mẹ́rin ní Georgia, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí.

Ọmọ yín,
Ìyá Bọ́lájí, aṣiṣẹ́ kíà,
Maryland.